Bébà Tó Wọnú Ìwé Lọ

Télọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ló wà lẹ́mìí mi. Ohun tí ọwọ́ mi bá ṣáà ti bà ni mo fi ń sàmì síbi tí mo kàwé dé. Báyìí ni bébà tí mo kọ ìwọ̀n màmá oníbàárà mi kan sí ṣe di àwátì.

Oníbàárà náà fajú ro. "Màmá ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa tún wọ̀n. Ẹ tètè wá a, mò ń kánjú."

Ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń ránṣọ wo ìwé tó kún ara ògiri. Ó ní, "Ṣé mi ò sọ pé ìwé ló máa ba iṣẹ́ yìí jẹ́?"

Inú bí mi. Mo bi oníbàárà pé, "Ọjọ́ wo lẹ mú màmá wá?"

"Ọjọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀."

Lọ́jọ́ náà, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti rì ni mo kà dé. Mo fa ìwé kan ṣoṣo yọ, mo ṣí i síbẹ̀. Bébà náà rèé.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Oníbàárà gba ìwé náà wò, ó sì fa àga jókòó. Nígbà tí mo gé aṣọ tán, mo ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́la.

Kò gbójú kúrò lára ìwé tó ń kà. Ó ní, "Ẹ rọra máa rán an. Mi ò kánjú mọ́."