Ta Ló Ń Lùlù fún Wáyà Mẹ́ta?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣílẹ̀kùn mọ́tò, tó sì jókòó sídìí sítíárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin náà ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í yà sí pápá tí àbúrò rẹ̀ yìí ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ó máa ń ní eruku ibẹ̀ ń ba ohùn òun jẹ́.

"Àbúrò mi àtàtà," ó ní, "o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ má tẹ nǹkan kan níbẹ̀ yẹn o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àwo orin kan yọ látinú àpò, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Àwo ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń lò láyé giramafóònù, tí wọ́n tún ti ń ṣe padà báyìí. Àwòrán ọkùnrin mẹ́ta ló wà lára páálí rẹ̀, irun wọn dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀, èjìká kóòtù wọn fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Láàárín wọn ni àpótí irin kan wà, aláwọ̀ fàdákà, tí iná pupa kékeré ń tàn lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé: WÁYÀ MẸ́TA, GBOGBO ÈYÍ TÓ GBAYÌ.

Ó yí i padà. Gbogbo orin tí àwọn èèyàn fi jó títí bàtà fi lu ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn tó ṣe é wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọrin, òun náà ló ta gìtá béèsì. Wọ́n kọ orúkọ onígìtá, wọ́n kọ ti oníkíbọ́ọ̀dù. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ẹni tó lùlù sí, Akọ-Irin ni wọ́n kọ.

Akọ-Irin ni àpótí fàdákà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú: kò sí nǹkan kan nínú àpótí náà. Rédíò tó bàjẹ́ ni. Wọ́n tú ìfun rẹ̀ dà nù, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n fi bátìrì sí gílóòbù kan lórí rẹ̀. Obìnrin tó jókòó nínú mọ́tò yìí ló lu gbogbo ìlù tó wà nínú àwo yẹn, ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní ìgbì tuntun gbòde, ẹ̀rọ ni gbogbo èèyàn ń wá. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lórí pèpéle, ará àtijọ́ ni. Máníjà wọn ní ọkùnrin mẹ́ta àti ẹ̀rọ kan, ọjà gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́ta àti àbúrò ọ̀kan nínú wọn tó wọ síkẹ́ẹ̀tì, eré ọmọ iléèwé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwo àkọ́kọ́ yìí nìkan ni. Ọmọdé ṣì ń ṣe é, ó gbà, ó tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Àwo àkọ́kọ́ tà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ìkejì jáde ná. Ìkejì tún tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n wá ní àsìkò ò tíì tó, bẹ́ẹ̀ ni àsìkò ọ̀hún ò tó títí tí ẹgbẹ́ fi tú ká.

Àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn ọ̀mọ̀ràn, máa ń kọ ọ́ pé Akọ-Irin yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé. Wọ́n ní bí olórin bá sáré, á bá a sáré, bó bá sì mí kanlẹ̀, á dúró dè é. Wọ́n ní àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ní ẹ̀mí. Ẹ̀mí ọ̀hún rèé nínú mọ́tò, ó ń wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní irin.

"Ó rẹwà, àbí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ó rẹwà. Orúkọ mi dà?"

Ẹ̀gbọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní Sátidé ni àwọn máa fi àwo náà lọ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan, àti pé gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. "Ọ̀rọ̀ kan ló bọ́ lẹ́nu mi lórí rédíò," ó ní. "Wọ́n bi mí bóyá Akọ-Irin ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ni ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde bá ní ká tàn án níbẹ̀, ká fi kọ orin kan lójú gbogbo èèyàn."

"Ẹ rọra fi kásẹ́ẹ̀tì sí i lábẹ́lẹ̀."

"Kò lè ṣiṣẹ́. Ọ̀fun mi ti dàgbà. Ibi tí mo ti ń mí tẹ́lẹ̀ kọ́ ni mo ti ń mí báyìí. Kásẹ́ẹ̀tì ò ní dúró dè mí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárì. "Ìwọ lo máa ń dúró dè mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun sọ irú rẹ̀, ó sì dùn ún pé inú ẹ̀bẹ̀ ló ti wá gbọ́ ọ.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kó o gbà wọlé," ẹ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A ti to ìlù jáásì sẹ́yìn kọ́tìnnì dè ọ́. Orin kan ṣoṣo ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì mọ́."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ dárúkọ mi lójú gbogbo wọn, èmi náà á lù ú lójú gbogbo wọn. Nǹkan tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní òpùrọ́ ni? Pẹ̀lú irun funfun yìí?"

"Ẹ tètè sọ ọ́ kí èyí tó kù níbẹ̀ tó re dà nù."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. "Bí ìwọ náà bá dìde tó o ní ìwọ lo lù ú, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

"Mi ò ní dìde, mi ò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ pa irọ́ náà. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ òótọ́."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Láti kékeré wọn, àbúrò yìí ò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí, kò sì rò pé ọjọ́ yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. "Màá rí ọ ní Sátidé," ó ní. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn o."

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ló jìyà rẹ̀. Tíṣà ní bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé ó ń bá mọ́tò jà. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò tíì kúrò lójú kan.

Ọmọbìnrin tíṣà yìí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, bá àwo náà lórí tábìlì kíṣìnnì nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Ọmọ náà fa ìjókòó, ó jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Mọ́mì, ẹrù ni Ọ́ńkù sọ pé ẹ máa ń bá àwọn gbé. Gbogbo ìgbà tí ẹbí bá pé jọ, wọ́n á ní, 'Àbúrò mi yìí bá wa gbé ẹrù gan-an.' Ẹ̀yin náà á wá máa rẹ́rìn-ín."

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tí bàbá wa ò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn ló ra bàtà iléèwé fún mi."

"Bàtà ọ̀hún ti gbó, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ wò ó sùn-ùn. Kò bínú. Ó kàn ń yà á lẹ́nu pé òun fúnra òun ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ara òun láti ọjọ́ yìí wá.

"Iwájú la máa gbà wọlé ní Sátidé," ó ní. "Ìwọ àti èmi."

"Tí wọn ò bá wá dárúkọ yín ńkọ́?"

"Kò burú. Kí Akọ-Irin lùlù fún wọn."

Bí wọ́n ṣe dé gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ Sátidé, èrò ti kún dẹ́nu. Àwọn bàbá tó ti pá lórí tún kó ara wọn sínú kóòtù eléjìká gbẹ̀ndẹ̀, àwọn ìyá kun ojú ní aró. Wọ́n gbé Akọ-Irin sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì sí, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àwọn kan tiẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú pátápátá. Ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ká ọwọ́ lé e.

Iná pèpéle ń tàn sí àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú débi pé wọn ò rí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbọ́ bí oníkíbọ́ọ̀dù ṣe rọra bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti wà níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó wà níbẹ̀. Níbo ló fẹ́ lọ?"

Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó na ìka sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó sì fi tẹ bọ́tìnnì Akọ-Irin.

Kò sí ohun tó dún.

Ó tún un tẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu bọ́tìnnì náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá yíjú sí kọ́tìnnì, ó wúkọ́ bí ẹni tó ń jí èèyàn lójú oorun. Alága ètò ní àgbà ti dé sí Akọ-Irin, ó ní kí wọ́n bá a wá igi tó máa fi rìn. Gbọ̀ngàn tún bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí ò pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Onígìtá ló lọ yọjú sẹ́yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti yí. Ó sọ nǹkan sí ẹ̀gbọ́n létí, ẹ̀gbọ́n sì bọ́ dígí dúdú tó wà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ bo iwájú orí kúrò lọ́wọ́ iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú èrò títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ojú àbúrò rẹ̀.

Ká má parọ́, ó ṣòro fún obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń làágùn lókè yẹn, ọmọ ìyá rẹ̀, ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí iléèwé. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé omi lé sí i lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ gbéra, ó fi ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú pé, mi ò lọ, mi ò lọ, ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí.

Òṣìṣẹ́ kan láti ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde gun pèpéle pẹ̀lú ìtúṣó lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí i wò, bóyá wáyà kan ló já. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo àpótí náà.

"Má ṣí i," ó ní. Ó fa máìkì mọ́ra. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Mi ò ṣàwàdà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí. Àbúrò mi ló lu gbogbo ìlù tó wà nínú àwo yìí. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì la máa ń fi í pamọ́ sí. Òun ló jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan dìde kí wọ́n lè rí i, ẹnì kan ń bèèrè lẹ́yìn pé kí ló sọ, kí ló sọ. Ọmọ rẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó dìde. Obìnrin náà ò mira.

"Àbúrò yín lorúkọ mi ni?" ó bi í.

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀, ó wá dárúkọ rẹ̀, orúkọ tí bàbá àti ìyá wọn sọ ọ́, tòun ti orúkọ ilé ọkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ṣùgbọ́n máìkì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i gbà.

Àbúrò rẹ̀ ò tíì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ yín."