Ilé Mẹ́ta Kí A Tó Dé Howick

Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí simẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mayfair, kì í ṣe pé ó ń kí ẹnikẹ́ni o. Páálí bátìrì mọ́tò ni ó tú palẹ̀, tí ó ń fi mákà dúdú ya ọ̀nà sí i lára, láti Johannesburg títí dé Howick. Oníbàárà kan wọlé, ó wò ó láti gìgísẹ̀ dé ìpàkọ́, ó béèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Abíọ́nà ní ara òun le koko, ìrìn àjò ni òun ń tò.

Inú ọkọ̀ akẹ́rù kan, láàárín Ìbòkun àti Iléṣà, ni ìyá rẹ̀ bí i sí, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi èyí halẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, ta ni yóò tún fi ọ̀nà hàn án? Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń wakọ̀ káàkiri South Africa. Ó mọ ibi tí kòtò wà, ó mọ ibi tí ọlọ́pàá máa ń lúgọ sí pẹ̀lú kámẹ́rà, ó sì mọ ilé epo tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ mọ́ tó èyí tí aya ènìyàn lè wọ̀ láìbínú.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀la yìí ju ìrìn àjò lásán lọ. Ìyá Nomvula aya rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Gogo bí àwọn Zulu ṣe ń pe ìyá àgbà, yóò pé ọgọ́rin ọdún ní Howick. Ìyá arúgbó náà ti sọ fún tẹbí tará pé ọkọ ọmọ òun ni yóò gbàdúrà fún òun ní èdè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Agogo kan ọ̀sán ni wọ́n dá. Lọ́dún tó kọjá, Abíọ́nà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn yóò dé. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n dé. Gogo ti jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà títí oorun fi gbé e lọ. Kò bá a wí. Ìbá kúkú bá a wí. Àwọn ọmọkùnrin Gogo ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sọ pé aago Nàìjíríà ni. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí Abíọ́nà. Bí ó bá tún pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, odindi agbo ilé ni yóò fi ebi jókòó dè é, kò sì mọ ojú tí yóò fi wo àwọn àna rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Oyinkọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti yunifásítì dé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, Johannesburg yìí ni wọ́n bí i sí. Bí bàbá rẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ni ó fi ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Abíọ́nà débi pé kì í bínú sí i mọ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí.

"Papa, what are these three circles?"

"Ibi tí a ó ti dúró nìyẹn. Warden, ilé Tawakalit. Harrismith, ilé Bàbá Ọ̀ṣúndáre. Ladysmith, ilé Adéjùwọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Fifteen minutes? At Aunty Tawa's?"

Ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ilé Tawakalit, ọmọ Yorùbá kan tí ó ń dirun ní Warden, nìkan ni wọ́n yà lọ́dún tó kọjá, òun náà ló sọ agogo mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Lójú Tawakalit, ẹni tó wọlé òun tí kò jẹun kò tíì wọlé, ẹni tó sì jẹun tí kò gba ẹran kejì, ó ní ohun tí òun ṣe fún un.

"Ìwọ wá ńkọ́, ibo lo fẹ́ kí a ti dúró?"

Oyinkọ́lá fi ìka kan orí òkè Van Reenen, níbi tí ìpínlẹ̀ Free State parí sí tí ti KwaZulu-Natal ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìhín, kí ó fi èkejì tẹ ọ̀hún, kí ó sì wo gbogbo àfonífojì náà nísàlẹ̀.

"Òkè?" ni Abíọ́nà wí. "Ṣé òkè lè sọ fún ọ pé ẹ kú àbọ̀? Ènìyàn là ń yà kí, Oyin, a kì í ya òkè kí."

Ọmọ náà dìde. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Eish, Papa. Gogo is people too."

Abíọ́nà ní kí ó máa lọ sílé. Ohùn rẹ̀ le ju bí ó ṣe yẹ lọ, nítorí pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Àmọ́ kí ni kí ó ṣe? Ní Harrismith ni taxi já a sílẹ̀ sí nínú oṣù keje, tí òtútù máa ń mú jù níbẹ̀, lọ́dún tí ó kọ́kọ́ dé, tí òun àti agbádá fẹ́lẹ́ kan jọ ń gbọ̀n. Bàbá Ọ̀ṣúndáre, ará Iléṣà tí kò mọ̀ rí, ló bọ́ kóòtù lọ́rùn ara rẹ̀ fún un, tí ó sì fi yàrá kan gbà á sílé fún oṣù mẹ́ta. Ibẹ̀ ni òun àti Adéjùwọ́n ti jọ sùn lórí ẹní kan. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí. Báwo ni yóò ṣe tún gba ẹ̀yìnkùlé irú bàbá bẹ́ẹ̀ kọjá bíi ti ọdún tó kọjá, tòun taya tọmọ, bí ẹni ń sá fún gbèsè?

Ó pinnu pé kí òun tiẹ̀ yọ ilé kan kúrò. Ó pe Tawakalit.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Tawakalit wí kí ó tó ráyè lanu, "mo ti ra ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ odindi?"

"Ṣé ìlàjì ewúrẹ́ máa ń rìn ni?"

Nígbà tí Abíọ́nà fi gbé fóònù sílẹ̀, ó ti bẹ̀ ẹ́ kí ó má fi ata púpọ̀ sí i nítorí Nomvula, ó sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò di díẹ̀ lọ fún Gogo. Ó wo páálí. Ó rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ilé wọn kò ju òpópónà mẹ́rin lọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, tí ó sì gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Yorùbá ní pálọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé àlejò dé. Ó ti bọ́ bàtà kan, ó ń bọ́ èkejì lọ́wọ́, kí ó tó mọ̀ pé ohùn ọmọ òun ni.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ sà, Bàbá. Oyinkọ́lá ni, ọmọ Abíọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni sà, ti Johannesburg. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́?"

Abíọ́nà dúró ṣinṣin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́.

"Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, Bàbá. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í pe àgbà jáde nílé, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀la ni Gogo mi máa pé ọgọ́rin ọdún, bàbá mi ni wọ́n ní kó wá gbàdúrà. Tí a bá ya ilé mẹ́ta, a ò ní débẹ̀ lásìkò. Tí a ò bá sì yà, bàbá mi ò ní sùn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí gbogbo yín pàdé wa lórí òkè Van Reenen lágogo mẹ́sàn-án àárọ̀, fún wákàtí kan péré. Aunty Tawa ti gbà, wọ́n máa gbé ewúrẹ́ yẹn wá nínú kúlà. Uncle Adéjùwọ́n náà ń bọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù sà."

Ó tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún.

"Rárá sà, wọn ò rán mi. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "N ò kàn fẹ́ kójú tì wọ́n mọ́ níwájú àwọn àna wọn ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Abíọ́nà rọra padà sẹ́yìn, ó jáde sí ẹnu géètì tòun ti ẹsẹ̀ kan lófìfo. Orí rẹ̀ wú, ó fara ti ògiri. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òun tí wọ́n bí sójú ọ̀nà kò sì rí èkejì láti àárọ̀. Fóònù dún lápò rẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣúndáre ni.

"Abíọ́nà, ọmọ rẹ pè mí. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi ni mò ń pe ènìyàn wọlé. Òun ló kọ́kọ́ pè mí jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọdé ló ń ṣe é."

"Mo bínú ni? Ìyá rẹ ti ń wá aṣọ tó máa wọ̀. A ó ti wà lórí òkè kí ẹ tó dé." Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọmọ yẹn lọ́rọ̀ sọ? Kí ó tó bẹ̀ mí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe tí o bá fẹ́ tọrọ nǹkan."

Abíọ́nà fẹ́ sọ pé òun ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Kò kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọmọ ọdún méje ni ó ti gba kámú. Ohun tí ó máa ń ṣe kò ju kí ó jókòó ní pálọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí ó máa pariwo sórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbòkun, tí Oyinkọ́lá á sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí á tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti rò pé ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ́ sí.

Ó wọlé. Oyinkọ́lá sọ fún un lóyìnbó pé agogo márùn-ún ìdájí ni wọn yóò gbéra, pé òun ti tún ìrìn àjò náà tò. Abíọ́nà ní ó dára. Ó jókòó sí àga rẹ̀, ó pe Ìbòkun.

"Lónìí ọjọ́ Ẹtì?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà láti orí àgbà ilé, kò fo ẹnì kankan, ó sì ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, Oyinkọ́lá sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀.