Ìdajì Aago

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Ó-Ti-Parí là ń pè é nínú ilé, torí kò sí ohun tí ènìyàn lè bẹ̀ ẹ́ sí tí kò ní fèsì pé ó ti parí, kó tó di pé ó gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Bàbá wà ní ọsíbítù, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní bí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ̀gbẹ́ ìyá àwọn ni kí a sin àwọn sí. Kíá ni ọkùnrin yìí dáhùn pé ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ tó jìnnà réré, ó sì fi èmi àti ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí a máa wo ara wa.

Èmi tí mò ń gbé ìlú yìí ni mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Itẹ́ òkú àtijọ́ tí wọ́n sin ìyá Bàbá sí kì í ṣe itẹ́ òkú mọ́. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ìlú ti gbin koríko síbẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n sì fòfin de ìsìnkú níbẹ̀ pátápátá. Bàbá ò mọ̀. Awakọ̀ ojú irin ni wọ́n, ìlú onílùú ni wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn. Ìgbà tí ara ò gbé e mọ́ ni wọ́n tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá tí mo ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Mo gbé máṣìn mi wá sí pálọ̀, aṣọ àwọn oníbàárà sì gba gbogbo àga.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé agídí àgbà lásán ni ọ̀rọ̀ sísin ti ìyá yìí. Bàbá kéré gan-an nígbà tí ìyá wọn kú. Ikọ́ ife ló pa á, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ wọ yàrá rẹ̀ láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀, kó má baà ràn án. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Bàbá máa ń sùn sí lórí ẹní, tí wọ́n á máa gbọ́ bí ìyá wọn ṣe ń húkọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aláwàdà ni Bàbá, wọ́n lè fi ikú ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn yìí nìkan ni wọ́n máa ń sọ tí kì í sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn sùn ti ìyá àwọn.

Bí ara wọn ṣe le díẹ̀ báyìí, wọ́n wọ kóòtù wọn tó dára jù, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí a lọ, kí àwọn lọ fi ibẹ̀ hàn mí, kí a má lọ sin àwọn ti ìyá oníyàá.

Mo pinnu pé lójú ọ̀nà ni màá sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ni Bàbá ń pè mí láti kékeré, kì í ṣe torí iṣẹ́ mi, torí ẹnu mi ni. Àwọn tó ń ta aṣọ fún mi mọ ẹnu yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo la ẹnu, mo pa á dé, mo tún là á. Bàbá gbé ojú lé fèrèsé bí ọmọdé tí wọ́n ń mú lọ sí ìrìn àjò, inú wọn ń dùn títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ẹnu géètì, Bàbá dúró. Àwọn ọmọdé wà lórí jangirọ́fà. Obìnrin kan sùn lórí bẹ́ńṣì, ó fi ìwé ìròyìn bojú. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń jẹun ọ̀sán nínú ike, wọ́n tú táì sílẹ̀. Mo ń retí kí Bàbá bínú, ó tiẹ̀ wù mí kí wọ́n bínú, kó lè rọrùn fún mi láti sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn bi mí pé níbo ni àwọn òkúta ibojì wà.

Mo mú wọn lọ síbi ògiri. Ibẹ̀ ni ìjọba ìlú to gbogbo òkúta náà sí, wọ́n fèjìká kan èjìká bí àwọn tó tò sí báńkì. A rọra ń wò wọ́n lọ títí a fi rí èyí tí à ń wá. Òkúta kékeré ni, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ lẹ́tà ara rẹ̀ tán. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá tọ́ka sí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n ní ibẹ̀ nìyẹn, kí n fojú sí i dáadáa.

Apá mi ò ká a mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Kò ṣeé ṣe. Wọn kì í sin ẹnikẹ́ni síbí mọ́. Òkúta nìkan ni wọ́n kó wá sára ògiri. Màmá yín ò sí lábẹ́ èyí."

Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lára òkúta náà bí ẹni tó ti ń kí àlejò tó rò pé ẹbí òun ni. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí omijé wọn rí, kódà nígbà tí ìyá mi kú. Mo ṣépè fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkàn mi, irú èyí tí n kò lè kọ sílẹ̀. Mo wá jókòó tì wọ́n, mo mú ọwọ́ wọn.

Wọ́n nu ojú, wọ́n bi mí pé níbo wá ni ìyá àwọn wà. Mo ní abẹ́ koríko ni, pé wọn ò hú ẹnikẹ́ni jáde. Wọ́n ní apá ibo. Mo wo koríko náà lọ títí, ó fẹ̀ ju ohun tí mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lọ. Mo ní mi ò mọ̀.

Ìgbà náà ni aago ńlá kan lù lódìkejì ògiri. Bàbá gbé orí sókè, wọ́n ní aago ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn, ṣé ó ṣì wà.

Wọ́n wá sọ ohun kan tí wọn ò sọ fún mi rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá wọn máa ń mú wọn wá síbí. Ẹ̀rù àwọn òkúta máa ń bà wọ́n, bàbá wọn á wá gbé wọn kọ́ ọrùn. Láti ibojì ìyá wọn, wọ́n á máa rí aago náà lókè ògiri, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni, torí òpó èéfín ilé búrẹ́dì bo ìdajì kejì, ìsàlẹ̀ aago á sì jókòó sórí ògiri gẹ́lẹ́. Ìdajì yẹn ni bàbá wọn fi kọ́ wọn bí a ti ń ka aago. Bí ọwọ́ gígùn bá ti sá pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó di ilé nìyẹn.

Bàbá dìde, wọ́n na ọrùn. Ọjọ́ orí ti tẹ̀ wọ́n, ògiri nìkan ni wọ́n ń rí. Èmi pàápàá, pẹ̀lú bí mo ṣe ga tó, góńgó orí ilé aago nìkan ni mo rí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo àkàbà.

"Abẹ́rẹ́, ṣé o lè pọ̀n mí?"

Mo ní lójú gbogbo ayé báyìí?

"Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ni wọ́n wí. "Èmi ò tiẹ̀ béèrè ọmú. Ẹ̀yìn lásán ni."

Tẹkún tẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gun ẹ̀yìn mi, mo dìde, mo sì rí i pé ìdì aṣọ tí mò ń gbé wálé láti ọjà wúwo jù wọ́n lọ. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lọ.

A kọjá pátákó tó ní kí a má tẹ koríko. Bàbá ń darí mi látẹ̀yìn bí ẹni tún wà nídìí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní kí n yà sọ́tùn-ún. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, odindi aago làwọn ń rí, kí n padà díẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé yí wá síbi ẹsẹ̀ mi, kò sí ẹni tó wá gbé e, wọ́n ń wo ìran. Mo bi Bàbá bóyá bàbá wọn ga jù mí lọ. Wọ́n ní rárá o, ènìyàn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n orí ọrùn yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ẹ̀yìn mi tí máṣìn ti bà jẹ́ ń ké. Wọ́n gbé àgbọ̀n lé èjìká mi.

"Dúró," ni wọ́n wí. "Ìdajì ni. Ìdajì gan-an ni."

Koríko lásán ló wà níbẹ̀, àti ọ̀rá súìtì kan. Mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wọ́n ṣa ọ̀rá náà sápò, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tò ó pọ̀ dáadáa bí ẹni fẹ́ wọ yàrá. Lẹ́yìn náà wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé koríko. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo fi bò wọ́n.

Olùṣọ́ ọgbà náà dé pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Mo dìde dúró síwájú rẹ̀, ẹnu mi ti mú padà. Ó béèrè bóyá ara bàbá ò yá ni.

"Ara wọn yá," ni mo wí. "Wọ́n ń sùn ti ìyá wọn ni."

Ó wo Bàbá, ó wo bàtà tí wọ́n tò. Ó lọ gbé bọ́ọ̀lù náà, ó sì bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ gbá a lápá kejì.

Mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú koríko, mo sún kúrò díẹ̀ kí n má baà gbọ́ ohun tí kì í ṣe tèmi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ híhanrun wọn.

Ìgbà tí wọ́n jí, koríko ti yàwòrán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Mi ò gbọ́ ikọ́ rẹ̀ rárá," ni wọ́n wí.

Mo kàn ń gbọn koríko kúrò lára kóòtù wọn.

"Ẹ sin mí síbi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ó ti parí."

Mo bá wọn wọ bàtà. Mo rò pé a ti ń lọ, àfi bí wọ́n ṣe tún na ọwọ́ sí èjìká mi, wọ́n ní kí n tún bẹ̀rẹ̀, kí àwọn wo aago. Mo bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n wọ́n, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún mi.

"Ọwọ́ gígùn ti sá pamọ́," ni wọ́n wí létí mi. "Ó yá, ká máa lọ sílé."