Ìkọ́ Tí Yóò Fa Ilé

Ó lé ní ogún ọdún tí ìyàwó télọ̀ fi wa tírélà. Ìyá Onítírélà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ń dúró sílé: òun ló ń rán aṣọ oníbàárà, òun ló ń dáná, òun náà ló ń di irun àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Télọ̀, ìwọ gan-an ni ìyàwó ilé.” Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹnu yín nìyẹn. Ẹ bá mi mú abẹ́rẹ́ yẹn wá.”

Nígbà tí obìnrin náà fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn. Ó ra ilé kékeré kan tó wà lórí táyà, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lẹ́yìn, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fèrèsé méjì. Píkọ́ọ̀pù wọn àtijọ́ ti wà nílẹ̀ tí yóò máa fà á.

“Baba,” ó wí fún ọkọ rẹ̀, “ẹ di ẹrù yín. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ.”

Inú télọ̀ dùn débi pé ó rán kọ́tìnnì sí fèrèsé, ó tú u, ó tún un rán. Ohun tó kù kò ju ìkọ́ lọ, irin tí yóò so píkọ́ọ̀pù àti ilé pọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ẹni tó ń ta irin ọkọ̀ mú bọ́ọ̀lù irin kan jáde. “Ìyá, bọ́ńpà la máa dè é mọ́. Kò lè pẹ́ rárá.”

Ìyá Onítírélà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. “Bọ́ńpà kẹ̀? Ẹ fẹ́ kí n so odindi ilé mọ́ etí aṣọ? Ṣáásí ni mo fẹ́, egungun ọkọ̀ gan-an.” Wọ́n gbé ti ṣáásí wá. Ó ka ìwúwo tí wọ́n kọ sí i lára pé ó lè fà, ó mi orí pé kò tó. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, bọ́ọ̀lù kéré ju ẹnu ilé lọ, ìyẹn irin iwájú ilé tó máa gbá a mú. Ó ní bí wọ́n bá kó sí gegele, yóò fò yọ. Wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu télọ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Onítírélà gba ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì yẹn náà, tó wọ ẹnu ilé dáadáa. Wọ́n dì í mọ́ ṣáásí, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n méjì kọ́ra wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n so wáyà bíréèkì ilé mọ́ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ dán wò lójú ọ̀nà tó dá.

Nígbà tí wọ́n rọra ń lọ, kò sí nǹkan kan. Bó ṣe fi kún eré díẹ̀ báyìí, ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, jù sósì, bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀. Ìdí píkọ́ọ̀pù fúyẹ́, bí ẹni pé ilé fẹ́ gbé e sókè. Ìyá Onítírélà kò tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ó yọ ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, ó fi bíréèkì ilé nìkan rọra fà á títí tó fi dúró.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ilé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn sókè. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ irin rẹ̀.

“Baba.”

“Mo mọ̀.”

“Ta lẹ fẹ́ ránṣọ fún lójú ọ̀nà?”

Télọ̀ wolẹ̀. “Tóo bá ti lọ, iṣẹ́ ni mo fi máa ń dá ọkàn mi dúró. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. Mo sì rò pé o ò fẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ mọ́. Ìkọ́ là ń wá, kíkọ̀ lo ń kọ̀ ọ́.”

Obìnrin náà jókòó sí àtẹ̀gùn ilé. “Sìmẹ́ǹtì ni mò ń fà látọjọ́ yìí. Bó bá dà nù, wọ́n á kó òmíràn. Mi ò gbé ẹnì kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí. Bí ilé yìí bá gbé wa wọ kòtò, ibo ni mo ti fẹ́ rí irú yín? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣa ìkọ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.”

Télọ̀ di ẹsẹ̀ irin ẹ̀rọ náà mú. “Màá gbé ẹ̀rọ sílé.”

“Ẹ má gbé e sílé. Ibi tí ẹ gbé e sí ni kò dáa. Bí ìdí bá wúwo ju orí lọ, ilé á máa jó ni. Ẹrù tó wúwo, ọ̀kánkán táyà ló ń gbé, kó fì síwájú díẹ̀.”

Wọ́n jọ gbé e. “Rọra o,” télọ̀ wí, “kì í ṣe sìmẹ́ǹtì lo dìmú yẹn.” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ilé lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ yanrìn, pẹ̀lú omi àti gbogbo ẹrù nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ilé tó kún kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé òfìfo. Wọ́n wọn èyí tó ń tẹ ìkọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ilé, ìdí píkọ́ọ̀pù sì wọlẹ̀, imú rẹ̀ ń wo òkè. Wọ́n wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹta. Ìkọ́ tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní ọ̀pá irin méjì tó máa ń ti ẹrù síwájú, kí gbogbo táyà lè jọ pín in, tó sì máa ń di ilé mú kó má baà jù.

Télọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá náà. “Ó yé mi. Bí ṣòkòtò bá wúwo jù, bẹ́líìtì nìkan kò tó, a máa ń fi okùn èjìká kún un.”

“Baba, ẹ̀yin lẹ bá mi yàn án,” ìyàwó rẹ̀ wí. “Èyí ni.”

Nígbà tí wọ́n gbéra, ilé ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́. Fún wákàtí àkọ́kọ́, télọ̀ di ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: kí ni iná pupa yẹn, kí ló dé tóo fi ń wo dígí tó bẹ́ẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dúró, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìkọ́ wò: píìnì, ẹ̀wọ̀n, wáyà.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dúró níbìkan, télọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Onítírélà á jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, á máa wo ọkọ rẹ̀ nínú dígí, bó ṣe ń lóṣòó, tó ń fọwọ́ tọ́ irin wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ojú rírán. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á nàró, á gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, á sì kígbe síwájú pé:

“Ìyá! Ó dúró o! Máa gbé e lọ!”