Àmì Pẹ́ńsù Lára Ọkọ̀ Onígbòkun

Wọ́n ní kí n sunkún kí ara lè fúyẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé omi ẹ̀rọ ni ẹkún, tí èèyàn kàn ń ṣí. Ọkọ mi ti kú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ń fọ abọ́, mo tún ń fọ èyí tí mo ti fọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àbúrò rẹ̀ máa mú ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ mi ń kàn lẹ́yìnkùlé lọ, mo ní kò burú.

Àbúrò rẹ̀ yìí ni mò ń pè ní Agùntáṣọọ́lò láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Òun àti ọkọ mi ga bí òpó iná. Apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó wá ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ta ìgbòkun iwájú sókè, ó ní kí á jọ parí iṣẹ́ tó kù: púlì tí okùn ìgbòkun yóò gbà kọjá, àti irin tí yóò máa di okùn náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tukọ̀.

Ọkọ mi ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi méjèèjì. Agùntáṣọọ́lò di púlì mọ́ àmì àkọ́kọ́, ó fa okùn.

"Tó bá sún sẹ́yìn jù, òkè aṣọ á máa gbọ̀n, tó bá sún síwájú jù, ìsàlẹ̀ á wú bí ikùn alájẹkì. Èyí gún régé."

Àmì kejì ló bí i nínú. Ó jókòó síbi ìtukọ̀, ó fẹ́ mú okùn níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá pákó ẹ̀yìn gbì.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀n? Ó ti sún mọ́ ara jù!" Ó fa àmì tuntun síwájú lọ́hùn-ún. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń lu ihò sára ọkọ̀, Ìyàwó. Tó bá ṣì, omi ló máa gbà á wọlé."

"Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín." Kò kúkú kàn mí.

"Ó dáa, wá jókòó síbí, bá mi di okùn mú, kí n lọ wo ìgbòkun láti iwájú."

Mo jókòó, mo di okùn mú. Ìgbòkun ni mò ń wò, mi ò wo ọwọ́ mi. Nígbà tí Agùntáṣọọ́lò padà dé, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Mo wá wolẹ̀. Ìkúùkù mi wà lórí àmì ọkọ mi gan-an, ìgbọ̀nwọ́ mi sì rọra sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò lè tó àmì tuntun yẹn láìfi àyà lé orúnkún.

Mo rántí. Lọ́jọ́ kan tí omi ń hó lórí iná, ọkọ mi pè mí jáde, ó ní kí n jókòó síbẹ̀, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú. "Na ọwọ́. Má nà án jù." Mo bínú, mo ní ó ń fi mí ṣeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe!

Agùntáṣọọ́lò tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nu àmì tirẹ̀ kúrò.

"Ìwọ ló ni ín, Ìyàwó," ló wí. "Gbé ọwọ́ kúrò kí n lu ihò."

Mo fẹ́ gbé e. Kò gbé. Ibẹ̀ ni ẹkún ti ká mi mọ́. Agùntáṣọọ́lò gbé dírílì tó fẹ́ fi lu ihò sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó dúró dè mí.