Rọ́bà Tó Wọ Ilé Ìdáná Ẹ̀gbọ́n Mi

Kánsù wa ló bo òkè ààtàn náà. Wọ́n kó erùpẹ̀ lé e lórí, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n sì ri páìpù mọ́ inú rẹ̀. Ẹnjiníà tó bójú tó iṣẹ́ náà ṣàlàyé fún àwa òṣìṣẹ́ pé ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ń mú gáàsì jáde, pé gáàsì yìí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná tí òjò kò fi mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Páìpù á fà á jọ, á gbé e lọ sókè, iná kan á sì máa jó o tọ̀sán-tòru. Ó ní àwọn ìjọba ńlá lè máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kánsù ló ni ààtàn.

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ páìpù. Láràárọ̀ ni mò ń rìn tẹ̀lé e, kí n wo ibi tó bá ń jò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn gan-an. N kì í wọ ilé wọn. Nígbà kan, ọkọ rẹ̀ pè mí ní Ìwé-Kú-Sọ́nà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí pé n kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá gbé mi débẹ̀, ìta ni mo ti ń sọ ọ́. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti lu páìpù kan. Wọ́n ti rọ́bà bọ ihò rẹ̀, wọ́n sì fi àjákù aṣọ dì í. Mo tẹ̀lé rọ́bà náà nínú koríko. Ó gba abẹ́ ògiri wọ ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹnjiníà ti kìlọ̀ pé gáàsì yìí kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Bí fèrèsé bá wà ní títì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni yóò kún ibẹ̀, ìṣáná kan ṣoṣo ló kù kí ilé bú gbàmù. Ó ní òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ ta wá lólobó. Ṣùgbọ́n kí ni òórùn fẹ́ sọ fún ẹni tó ń gbé nídìí ààtàn? Imú wọn ti bá a mulẹ̀ tipẹ́.

Wọ́n ti gbé ẹnjiníà lọ sí ibòmíràn, nítorí náà kánsẹ́lọ̀ ni mo lọ bá. Ó fún mi ní àga. Ó ní ìdìbò ti dé tán, òun kọ́ ni yóò pa iná mọ́ ìyàwó oníyàwó nídìí ààrò.

“Gáàsì tí ẹ̀ ń jó lókè náà ni wọ́n ń jó nísàlẹ̀,” ó ní. “Ṣé ayé mọ̀ bóyá abẹ́ ìkòkò ló ti jó?”

Ó ní bí mo bá gé rọ́bà kankan, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Mo gé e. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, rọ́bà tuntun ti wà níbẹ̀, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn nínú òjò. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Mo ké sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó má dáná, mo sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnjiníà fún un láti ìta. Ó dáhùn láti inú ilé pé òun gbọ́.

“Wọlé wá kí ọkọ mi bí àna ṣe ń kí àna,” ó ní, “ọwọ́ ara mi ni n ó fi fa rọ́bà náà yọ.”

Òjò pa mí dáadáa kí n tó gbẹ́sẹ̀. Mo wọlé. Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Mo tẹrí ba, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, àna mi.”

Ó dìde, ó dì mọ́ mi. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Orí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ látìgbà tí mo ti wọlé.

“Ìyàwó mi, gbé ìkòkò kaná,” ó ní. “Ó gbọ́dọ̀ jẹun lónìí. Lẹ́yìn èyí, a ó yọ rọ́bà náà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi páálí ìṣáná lọ́wọ́. Mo fò mọ́ ọn, mo já a gbà. Ìkòkò ṣubú. Mo sáré ṣí fèrèsé, télọ̀ sì tì í padà, ó ní òjò ń ta sí aṣọ oníbàárà.

“Oúnjẹ mi ló kọ̀ yẹn,” ó ní. “Ìwé-Kú-Sọ́nà yìí kò lè yí padà láéláé. Jáde.”

Ó tì mí síta. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìṣáná wọn wà lápò mi. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó fi gèlè bo orí, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń lọ, mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń bọ̀. Kò wò mí. Ó ti fi páálí ìṣáná tuntun há abíyá kí òjò má baà kàn án. Ó gbẹ́sẹ̀ rékọjá mi, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.