Ojú Eyín Lára Kálàmù

Afínjú kò jẹ́ fọwọ́ kan kálàmù náà. Ó wò ó níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sí lórí tábìlì iṣẹ́, ó fa bébà ìnuwọ́ kan yọ, ó sì fi bébà náà gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Eyín ti jẹ ìdí rẹ̀ yípo. Nínú ihò tí eyín dá sí i lára, nǹkan funfun kan ti gbẹ síbẹ̀, itọ́ ọjọ́ pípẹ́ sì ni. Orí ìdérí rẹ̀ ló tún wá burú jù. Ìdọ̀tí etí ti dì mọ́ ọn bí ìda oyin.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ń fi í wa etí?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní etí ló ń yún òun, kò sì sí ohun tó ń bá òun débẹ̀ bíi ìdérí yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, gbogbo ayé rẹ̀ ló fi jókòó sídìí ọkọ̀, ó máa ń jẹ nǹkan lẹ́nu kí oorun má baà gbé e lọ. Ó ti jẹ igi ìṣáná, ó ti jẹ ìdérí bírò, kálàmù yìí ló wá kàn.

Afínjú kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló fi sọ ọ́ ní kékeré, nígbà tó rí i pé ọmọ náà kò ní mumi nínú ife tí ẹnu ẹlòmíràn ti kàn, àfi tó bá fọ̀ ọ́, tó tún un fọ̀, tó sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, á ní afínjú wọjà ó ń rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà ó ń rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀, ọ̀bùn ṣùẹ̀ṣùẹ̀ ni yóò ru ẹrù afínjú relé. Ó pa òwe náà lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Afínjú yínmú.

Iṣẹ́ kálàmù oníyíǹkì ni Afínjú ń ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ náà tí wọ́n ń ra ẹ̀yà kálàmù tó ti pé sínú páálí. Wọ́n á kàn fi ike ẹlẹ́wà bo páìpù idẹ inú rẹ̀, wọ́n á wá máa yan kiri pé àwọn ṣe kálàmù. Wọ́n ń rí i lára. Ó ní wọ́n dà bí ẹni tó ra ọbẹ̀ nílé oúnjẹ, tó bu iyọ̀ sí i, tó ní òun sebẹ̀. Ní tirẹ̀, ọ̀pá ike líle tí wọ́n ń pè ní akirílíìkì ló ń gbé sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á máa yí i, irin mímú á máa fá a, títí yóò fi di ara kálàmù, ọrùn rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀. Òun ló ń lu ihò inú rẹ̀, òun ló ń gé ojú ìlọ́ tí ọ̀kan fi ń wọnú èkejì. Ẹnu kálàmù nìkan, ìyẹn irin ṣóńṣó tó ń kọ̀wé, ló ń rà.

Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe kálàmù lásán. Bàbá wọn jẹ́ aránṣọ. Lẹ́tà ike pupa tó nípọn ló fi kọ orúkọ rẹ̀ sókè ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí wọ́n sì wó ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rí gbé kúrò nínú àwókù. Ẹsẹ̀ lẹ́tà yẹn ni Afínjú gé, tó fi ṣe kálàmù yìí fún un. Kò ṣẹ́kù tó ohun tí èèyàn lè fi ṣe bọ́tìnnì. Kò sí aṣọ bàbá mọ́, kò sí fọ́tò. Kálàmù yìí nìkan ló kù tó fi hàn pé ọkùnrin náà gbé ayé rí.

Ó sì bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n sùn lọ lórí àga tòun ti kálàmù lẹ́nu, kálàmù náà já bọ́, irin ìkọ̀wé rẹ̀ sì là sí méjì. Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣègbéyàwó ní kóòtù, ó sì ti ṣèlérí fún ọmọ náà láti kékeré pé ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀ ló máa fi fọwọ́ síwèé. Ohun tó pe kálàmù náà nìyẹn, ọwọ́ bàbá. Ó ní kí Afínjú bá òun tún un ṣe kó tó di ọjọ́ náà.

Nígbà tó lọ tán, Afínjú gbé abọ́ omi ọṣẹ wá, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì tú kálàmù náà palẹ̀. Ohun tó bá nínú ìdérí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yíǹkì, itọ́ àti èérún oúnjẹ ti di ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, ó ń yọ̀ bí ikun ìgbín. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó da omi nù, ó bu òmíràn. Ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi kálàmù náà lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Irin ìkọ̀wé tuntun máa ń ní òróró díẹ̀ lára, yíǹkì kì í fẹ́ ṣàn lórí rẹ̀, kí Afínjú sì tó nawọ́ mú ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n ti ki í bọ ẹnu, ó fà á mu ṣíọ́ṣíọ́, ó ní kálàmù tí kò bá tíì mọ itọ́ ẹni tó ni ín kì í kọ̀wé. Afínjú kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Irin tuntun tó rà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà ó ní láti lu ihò ọrùn kálàmù náà gbòòrò sí i, kó sì tún ojú ìlọ́ rẹ̀ gé. Ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ihò ṣe ń gbòòrò, ike náà gbóná, òórùn kan sì jáde. Ó mọ òórùn ike gbígbóná dáadáa. Èyí kì í ṣe òórùn ike nìkan, òórùn ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹnu àárọ̀ tí wọn kò tíì fọ̀, tó ti wọ inú ike lọ tí ooru wá ń sè é jáde. Ó pa ẹ̀rọ, ó sáré lọ sójú fèrèsé.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé sipírítì kò gbọ́dọ̀ kan akirílíìkì, pàápàá tí irin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ara ike náà kì í tíì balẹ̀ nígbà náà, sipírítì sì lè mú kó sán. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sínú ooru tí kò pọ̀, kó rọra tutù. Afínjú mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ìgò sipírítì tó fi ń nu irin ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìríra ló gbé ìgò yẹn, kì í ṣe ọgbọ́n. Ó da sipírítì sórí òwú, ó nu ọrùn, ó nu ara, ó nu ìdérí tinú tòde. Òórùn náà kú. Ara tù ú. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé, ó sì lọ jẹun.

Nígbà tó dé, kálàmù náà ti sán. Ìlà tínín-tínín bí okùn aláǹtakùn bo ara àti ìdérí rẹ̀, wọ́n sì yọ jáde láti inú ojú eyín kọ̀ọ̀kan ní ìdí rẹ̀. Ó mú ọrùn náà dání, ó sì ya sí méjì láàárín ìka rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Afínjú jókòó. Ìríra tó ní sí itọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà, ó kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọ̀pá ike pupa kan wà nínú àpótí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi fá kálàmù mìíràn, ó ṣe ara, ó ṣe ìdérí, ó fi bébà oníyanrìn dán an. Ẹ̀gbọ́n kò ní mọ̀. Àfi ohun kan: kò sí ojú eyín lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè ṣàìmọ àwọ̀, ṣùgbọ́n á mọ ojú eyín ara rẹ̀. Afínjú wá gbé ìdí kálàmù tuntun náà sí àárín eyín òun fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ó tún fà á yọ. Kò sí itọ́ ẹnikẹ́ni lára èyí, ó mọ́ tónítóní, síbẹ̀ nínú gbogbo ohun tó kan ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó rí i lára tó o. Ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n dé, aṣọ ìgbéyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀ wà léjìká rẹ̀. Afínjú na ohun tó kù sí i. Ẹ̀gbọ́n yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá. Mo fi sipírítì nù ún. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo ṣáà nù ún. Itọ́ yín ló ń rí mi lára.”

Ẹ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó. Kò pariwo.

“Nígbà tí màmá kú, o ò tíì lè jókòó. Ikun dí ẹ nímú lọ́jọ́ kan, o ò lè mí, o ò lè mu wàrà, ojú ẹ ń yí. Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹnu sí ẹ nímú, mo sì fà á.”

Afínjú kò lè wò ó lójú. Ó bi í bóyá kò rí i lára ni.

“Ó rí mi lára gan-an. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo bì. Mo tún padà wá fà á.”

Ó kàn béèrè èwo ló ṣì ṣeé lò níbẹ̀. Afínjú ní ara kálàmù náà á dúró, torí ọ̀pá kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba yíǹkì dúró, yíǹkì kì í kan ike. Ìdérí náà á dúró tí wọn kò bá lọ́ ọ le jù. Ọrùn nìkan ni kò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣe ọrùn mìíràn, òun á dúró.

Ọ̀pá ike dúdú ló fi ṣe é, lójú ẹ̀gbọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e sínú ooru, ó sì mú sùúrù títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó lọ́ ọ mọ́ ara pupa tó ti sán náà, ó ki irin tuntun bọ̀ ọ́, ó fa yíǹkì sí i. Ó ti fi omi ọṣẹ fọ irin náà, síbẹ̀ nígbà tó gbé e lé bébà, yíǹkì kọ̀, kò ṣàn. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ láti gbà á, ètè rẹ̀ sì ti ṣí.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣe é,” ni Afínjú wí.

Ó di kálàmù náà mú níbi tí ojú eyín wà, ó rí ihò wọn lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì ki ẹnu kálàmù bọ ẹnu. Ó fà á. Irin, òróró àti yíǹkì dàpọ̀ sórí ahọ́n rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì fẹ́ dá a padà. Ó gbé kálàmù lé bébà. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀, ó sì gé. Ó rí i lára débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún fi í sẹ́nu.